Ẹ Ka Iṣẹ́ Ọmọ Yín Kí Ẹ Tó Ra Ìwé Tuntun

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania níbi tí a ń gbé, ọjọ́ méjì ni òfin là kalẹ̀ fún àwa òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé. Tó bá fi máa di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, lẹ́tà olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àdúgbò. Tó bá fi máa di ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, áfídáfíìtì ọdún tuntun, ìyẹn ìwé ìbúra pé a ó kọ́ ọmọ nílé, gbọ́dọ̀ ti débẹ̀. Àárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń náwó sórí ìwé tí ọmọ kò nílò. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi méjì nílé ní Philadelphia fún ọdún mélòó kan báyìí, ẹ̀kọ́ tó sì ràn mí lọ́wọ́ jù lọ nìyí: ẹ ka iṣẹ́ ọdún tó ń parí lọ dáadáa, òun ló máa sọ ohun tí ẹ ó kọ́ ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Gbogbo wa la ní iṣẹ́ náà nílé, torí òfin ló ní ká kó o jọ. Portfolio là ń pè é: fáìlì tí a ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ àti orúkọ ìwé tí a lò sí, pẹ̀lú díẹ̀ lára ohun tí ọmọ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ọjọ́ 180 ni ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ pé, tàbí wákàtí 900 fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùyẹ̀wò, tó sábà máa ń jẹ́ tíṣà tó ní ìwé-ẹ̀rí ìpínlẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á bá ọmọ sọ̀rọ̀, á sì kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe lọ́dún 2014, lẹ́tà yẹn nìkan ló ń lọ sí ọ́fíìsì. Fáìlì ń padà bọ̀ sílé. Ibẹ̀ ni èrè wà fún wa. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti ń wo ọ̀nà ọlidé, àwa ló kù tí a ó bojú wẹ̀yìn.

Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo máa ń mú lálẹ́ ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ ìṣirò, mo máa to iṣẹ́ oṣù kẹsàn-án, ti oṣù kìíní àti ti oṣù karùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ìjẹun. Máàkì kọ́ ni mò ń wò. Mò ń wá ohun tí ọmọ lè dá ṣe báyìí tí kò lè dá ṣe nígbà yẹn, àti ibi tó ń fò láìkọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi tó wà ní kíláàsì kẹta ka ìwé ìṣirò rẹ̀ dé ojú ewé tó kẹ́yìn lọ́dún yìí. Ó mọ ìlọ́po sórí dé 12 lọ́nà 12. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bá fi ìtàn gbé kalẹ̀ ló ń fò, ní oṣù kẹsàn-án, ní oṣù kìíní, ní oṣù karùn-ún. Ìwé tó tẹ̀ lé èyí tó parí kò lè yanjú ìyẹn. Nítorí náà, a kò ní ṣí ìwé ìṣirò tuntun kankan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Òun gan-an ni yóò máa kọ ìbéèrè fún èmi àti bàbá rẹ̀: bí gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bá jẹ́ iye báyìí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ní Woodland Avenue, tí a sì mú dọ́là 20 lọ, èló ló kù? Ọmọ tó bá lè kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Gbólóhùn méjì péré ló ń kọ, àmọ́ tó bá ń fẹnu ròyìn, ìtàn á gùn. Mo bá a kọ ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó kún ojú ewé kan. Èrò pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ ni kò tíì yá. Ìwé gírámà kọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Yóò máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé lójoojúmọ́, èmi yóò sì máa bá a kọ ìtàn rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi lè bá ẹnu rẹ̀.

Ní ti ìdánwò gbogbogbòò tí òfin béèrè ní kíláàsì kẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹjọ, òbí kọ́ ló ń darí rẹ̀. Ẹ tètè wá ẹni tó máa bá yín darí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì wà tí òbí máa ń gbàgbé títí ọdún fi ń parí lọ: ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná, àti ìtàn Pennsylvania fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ sí wọn láti ìsinsìnyí. Ère Octavius Catto ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ City Hall láti ọdún 2017. Olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ni, tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, tí wọ́n sì yìnbọn pa lọ́jọ́ ìdìbò lọ́dún 1871. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kọkànlá.

Òfin kò sọ pé ká kọ́ wọn ní Yorùbá. Èmi ń fún un ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀ bíi ti ìṣirò, torí tí ẹ bá ní ẹ ó ṣe é bí àyè bá wà, àyè kò ní sí láéláé. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á sì fi Yorùbá ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà kì í gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn. Inú àkọsílẹ̀ ọjọ́ ni mò ń kọ ọ́ sí, ẹ̀kọ́ gidi ni. Ohun tí fáìlì fi hàn mí ni pé wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ níbẹ̀. Kíkọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn ló kàn.

Mi ò ń ṣètò odindi ọdún. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni mo ń kọ ní kíkún, àkòrí lásán ni ìyókù, torí ọmọ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní oṣù kẹsàn-án á ti yí padà kí ọdún tó yí.

Áfídáfíìtì ló kù. Ẹ ó so àfojúsùn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ọn. Òfin kò gbà kí ọ̀gá ẹ̀kọ́ fi àfojúsùn yẹn dá yín lẹ́bi, nítorí náà ẹ kọ ọ́ ní ṣókí, kí ẹ fi ètò kíkún sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti rí i gbà.