Ká Tó Ra Ẹ̀rọ Wi-Fi fún Ọ́fíìsì, Ká Kọ́kọ́ Wo Ògiri Rẹ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà tàbí Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, láti fi ṣe ọ́fíìsì, sábà máa ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà: èwo ló lágbára jù nínú àwọn access point, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìgbì Wi-Fi ká inú ilé, tó wà lọ́jà? Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló ń fa ìbéèrè yìí. Èrò tèmi ni pé ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ká sì ka iye ògiri tó wà láàárín yàrá kan sí èkejì, ká tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà máa ń sọ bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó níbi tí nǹkan kan kò ti dí i lọ́nà. Ọ́fíìsì tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: búlọ́ọ̀kù oníṣìmẹ́ńtì ni ògiri, dẹ́kìn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè jẹ́ kọnkéré tí irin rọ́ọ̀dù kún inú rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá akápò sì lè jẹ́ irin. Oríṣi ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà máa ń lò, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ìgbì 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà (channel) mẹ́ta péré ló ní tí wọn kì í gorí ara wọn, ìyẹn 1, 6 àti 11, gbogbo ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìfowópamọ́ tó yí wa ká ló sì ń dù wọ́n. 5 GHz ní àyè, ó sì yá, àmọ́ bó bá la ògiri búlọ́ọ̀kù méjì kọjá, agbára rẹ̀ ti dínkù gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ mẹ́rin tí agbára wọn mọ níwọ̀n dípò ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ rò. Bí ẹ̀rọ náà ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni fóònù gbọ́dọ̀ máa dá a lóhùn, agbára tí fóònù sì ní láti fi dáhùn kéré púpọ̀. Ó dà bí ẹni tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe ènìyàn láti òdìkejì ọjà: a gbọ́ tirẹ̀ ketekete, òun kò sì gbọ́ èsì wa. Nígbà náà ni àmì Wi-Fi yóò kún ojú fóònù, tí ìpè WhatsApp yóò sì máa já.

Bí mo bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà, ẹyọ kan ni mo máa ń gbé sókè lórí àkàbà ní ibi tí mo fojú sí, tí màá sì mú fóònù rìn yípo ilé pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn ní títì, nítorí bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa jókòó nìyẹn. Níbi tí fóònù bá ti ka -67 dBm (ìwọ̀n agbára ìgbì ni dBm, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ó ṣe dára tó) tàbí èyí tó sàn jù ú lọ, ìpè yóò dùn. Níbi tó bá ti lọ sí -75, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, kí ti òkè má ṣe wà ní ọ̀gangan ti ìsàlẹ̀, ló sábà máa ń tó ilé oníyàrá mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tó ń gba iná láti inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PoE, kí gbogbo wáyà sì já sí ara switch kan, ìyẹn àpótí tí wáyà gbogbo ẹ̀rọ ti ń pàdé, tó wà lórí inverter. Bí NEPA bá mú iná lọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ lórí Wi-Fi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ náà ń fẹ́ PoE lásán, tí switch ń fi 15.4 watt ránṣẹ́, tàbí PoE+ tó ń fún un ní 30. Wáyà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Bàbà gidi ni kó sì jẹ́: ẹ fi abẹ ha ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, irú rẹ̀ a sì máa gbóná. Èmi kì í fara mọ́ mesh tí kò ní wáyà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara wọn láìsí wáyà, nínú ilé búlọ́ọ̀kù, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ni àwọn ẹ̀rọ yẹn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti ìran ẹ̀rọ, Wi-Fi 6, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ní 2019, tó fún ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Wi-Fi 7 dé ní 2024, ṣùgbọ́n kò lè mú íntánẹ́ẹ̀tì 50 Mbps yára ju bó ṣe wà lọ. Nínú àwọn orúkọ ẹ̀rọ yìí tó wà lọ́jà, UniFi àti TP-Link Omada kì í béèrè owó ọdọọdún bí a bá ń darí wọn fúnra wa, nígbà tí Cisco Meraki ń béèrè ìwé àṣẹ tí a gbọ́dọ̀ máa tún rà. Bí iye dọ́là ṣe ń yí padà sí náírà, mi ò ní gba ilé-iṣẹ́ kékeré níyànjú pé kó ti ọrùn bọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì fa wáyà kí àwọn oníṣẹ́ POP tó dé sílìn. Ẹ fa méjì sí ojú ibi kọ̀ọ̀kan, torí owó wáyà kejì kéré sí owó àtúnṣe sílìn tí wọ́n bá tún ní láti fọ́.