Pípààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ AC Hilux 2002: bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ọjọ́ kìíní

Hilux 2002, ẹ́ńjìnì onídíísù tí wọ́n ń pè ní 5L. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀ tó sì ń tì í yí po. Bí a bá tan AC, bẹ́líìtì á han gooro, òórùn róbà á gbòde, atẹ́gùn inú ọkọ̀ ò sì ní tutù. A pa ẹ́ńjìnì, a di awo iwájú kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so púlì mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bí a bá tan AC) mú láti fọwọ́ yí i. Ó yẹ kó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ kó sì yí. Èyí ò mira rárá. Ó ti jáàmù.

Ẹ má kánjú dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lẹ́bi o. Bí púlì bá ń pariwo nígbà tí AC wà ní pípa, bíárìnnì púlì ni, ó ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá kọ̀ tí kò lẹ̀, ẹ fi mítà wọn kọ́ìlì rẹ̀: ohm 3 sí 4 ló sábà máa ń jẹ́. Tí mítà ò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já.

Ohun tó pa tiwa hàn sójú. Imú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, níbi tí irin tó ń yí ti yọ síta, dúdú fún ọ́ìlì tí eruku ti lẹ̀ mọ́. Síìlì ibẹ̀ ń jò, ó sì ti pẹ́. Gáàsì AC kì í tán bíi díísù. Inú páìpù tó dí pa ló ń yí po. Bó bá dín, ó jò ni. Ọ́ìlì tó ń mú inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yọ̀ ń bá gáàsì yìí kiri, ó sì ń bá a jò. Ẹni tó ń rọ gáàsì kún un ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn láì wá ojú ibi tó ń jò, gáàsì nìkan ló ń dá padà. Ọ́ìlì ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí irin á fi máa ha irin.

Ọjọ́ kejì

A fi ẹ̀rọ fa ìyókù gáàsì sínú sìlíńdà. Bó bá fẹ́ sí èèyàn lára, òtútù rẹ̀ ń bó awọ bí iná. A yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, a dẹ púlì tó ń fa bẹ́líìtì le, a yọ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, a tú hóòsì méjèèjì. Ojú ẹsẹ̀ la fi ọ̀rá di ẹnu wọn, torí PAG, irú ọ́ìlì tó wà nínú AC yìí, ń mu omi inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló sì ń di ásíìdì tó ń jẹ irin. Bóòtù mẹ́rin, sípánà 12, ó ti wá sílẹ̀.

Ọ́ìlì tó dà jáde ò ju 35 ml lọ. Ó dúdú, ó sì ń dán yinrin lójú oòrùn: irin tó ti lọ̀ kúnná ni. Ibí ni owó iṣẹ́ ti lé sí i. Kọ́ńdẹ́ńsà ọkọ̀ yìí, ìyẹn ibi tí gáàsì gbígbóná ti ń tutù, ní ọ̀pọ̀ ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ihò tó ṣí ni kẹ́míkà máa gbà kọjá, èyí tó dí á wà bẹ́ẹ̀. A ò fọ̀ ọ́, tuntun la rà. Dáráyà (tó ń mu omi inú gáàsì) àti ẹspánṣọ̀n fáàfù (tó ń dín gáàsì tó ń kọjá kù) náà, tuntun. Hóòsì àti ìfapórétọ̀ (tó ń mú atẹ́gùn inú ọkọ̀ tutù) la fi kẹ́míkà ìfọ̀ AC fọ̀, a sì fi nitrogen fẹ́ wọn gbẹ. Epo bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì kì í ṣe nǹkan ìfọ̀ AC o.

Ọjọ́ kẹta

Kí ẹ tó sanwó kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání: iye ojú ọ̀nà bẹ́líìtì lára púlì, etí tí bóòtù ń gbà, ẹnu hóòsì, kílọ́ọ̀ṣì fóòlù 12. Tòkúnbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ọ́ìlì PAG 46 la lò. Bó bá jẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nìkan la pààrọ̀, a ó da ọ́ìlì tuntun jáde títí tó fi ku ìwọ̀n tó jáde nínú ti àtijọ́ àti 20 ml lé. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ò wúlò fún èyí tó ti jò gbẹ, tí a sì ti fọ páìpù rẹ̀: gbogbo ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ la fi sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ṣáájú nǹkan bí 1994 lè jẹ́ ti R12, gáàsì AC àtijọ́, ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀.

Òrùka róbà tuntun, aláwọ̀ ewé, a fi ọ́ìlì AC pa á, kì í ṣe gíríìsì. Bóòtù: a dè é le dé ìwọ̀n 25 N·m. Àlàfo láàárín awo kílọ́ọ̀ṣì àti púlì jẹ́ 0.5 mm. Lẹ́yìn náà a fọwọ́ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ọ́ìlì tó dúró sínú má baà fọ́ fáàfù nígbà tó bá kọ́kọ́ gbéra.

Ọjọ́ kẹrin

Fákúùmù: a fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde fún ìṣẹ́jú 45, géèjì ka 29 inHg. A ti ẹnu rẹ̀, a dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ ti ń gòkè: ó ń jò. Nitrogen 150 psi àti omi ọṣẹ fi ibi tó ń jò hàn: òrùka róbà dáráyà ló ká kò. A pààrọ̀ rẹ̀, a tún fákúùmù ṣe látilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, abẹ́rẹ́ ò mì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kí a tó rọ gáàsì, a wọn ìfúnpá sìlíńdà R134a, gáàsì tí AC ọkọ̀ yìí ń lò, níbi tí ojú ọjọ́ ti jẹ́ 30°C: nǹkan bí 97 psi ló yẹ kó kà. Bó bá jìnnà sí i, gáàsì mìíràn ni wọ́n rọ síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń gbiná. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ bá a mu, àdàlù kan lè ka ohun kan náà. Ẹ̀rọ ìdámọ̀ gáàsì ló ń sọ òdodo. Òṣùwọ̀n la fi rọ ọ́, ìwọ̀n tó wà lára léébù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ (níbi tí ìfúnpá ti kéré) nìkan la ń gbà rọ ọ́. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀gbẹ́ òkè (níbi tí ìfúnpá ti pọ̀) sí sìlíńdà lásìkò yẹn lè bú u gbàmù.

Ní 33°C: ìsàlẹ̀ 36 psi, òkè 235 psi, atẹ́gùn ẹnu dáṣíbọ́ọ̀dù 8°C. Ó ku kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo imú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bóyá eruku tún ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì níbẹ̀.