Ilẹ̀kùn Ògògà àti àpótí tí mò ń kàn ní Peckham

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í sábà bi mí ní iye tí mò ń ta àpótí ìjókòó tí mò ń kàn. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti ń rí okun? Ẹ ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, ilẹ̀ mọ́ tán, ẹ tún gbé ayùn." Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè kò ṣàjèjì sí mi. Púpọ̀ nínú wa tó dé ìlú yìí ló ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹ̀bùn kan tí a gbé jù sẹ́yìn: ẹni tó mọ aṣọ rán, ẹni tó ń kọrin, ẹni tó ń ya àwòrán. Owó ilé ń dúró, owó iná ń dúró, àwọn ará ilé ń retí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sì wà nílẹ̀ tó ń peni tọ̀sán-tòru. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ̀bùn náà á di ọ̀rọ̀ tí à ń sọ níbi àríyá: "Èmi náà ṣe é rí o."

Èmi kò gbà pé orí òkè ni ìmísí ti ń já bọ́ lu ẹni tó bá jókòó dè é. Mo sì ti gbọ́ ọ títí lẹ́nu àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ìwúrí ṣòwò pé kéèyàn kọ̀wé fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kó máa ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, owó á bá a níbẹ̀. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́ oṣù kò lè dán irú ẹ̀ wò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni mú kó rò pé ojo ni òun. Bí tèmi ṣe rí ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ ẹnì kan tó ti kú tipẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò, mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tí mo mọ̀ wá ní kí n bá òun ṣe nǹkan kan. Ohun méjèèjì yìí ló gbé mi dìde.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Adó-Èkìtì. Inú èérún igi lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn ni mo ti ṣeré dàgbà, mo sì ti mọ pákó tó wọ́ yàtọ̀ sí èyí tó tọ́ kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ládùúgbò wa nígbà náà, wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin níṣẹ́ káfíńtà. Mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, mo wá sí ìlú òyìnbó. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan lápá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń jẹun títí di òní. Bàbá kan wà níbẹ̀, ọmọ Jàmáíkà, tó ti ṣe káfíńtà rí. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ó dán dáadáa. Nígbà tí mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo lọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, nítorí bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó wá kí wa láti ilé ló ní kí n mú òun lọ sí British Museum ní Bloomsbury. Wọn kì í gbowó ìwọlé níbẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀, òun ń lọ wo àwọn idẹ Bìní bí gbogbo èèyàn, èmi dúró síwájú ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ kò tó ìrìn wákàtí kan nínú mọ́tò, Lọ́ńdọ̀nù ni mo sì ti wá rí i.

Olówè ló gbẹ́ ẹ, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé. Láàárín 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ ní ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ní ìhà kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó, ó dé adé gogoro, olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní ìhà kejì, àwọn èèyàn ru òyìnbó aṣojú ìjọba lórí àga, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá ọba. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn fi ń bọ́ sórí pákó tó wà lẹ́yìn wọn, pákó ẹ̀yìn ọ̀hún náà kò sì ṣófo: ọnà wínníwínní ló kún un, ó sì kùn ún ní ọ̀dà. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ káfíńtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí wọ́n ti kan orí mọ́ ọrùn, ibi tí wọ́n ti lẹ apá mọ́ ara. N kò rí i. Inú igi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Mo dúró síbẹ̀ títí àbúrò ọ̀rẹ́ mi fi ní ẹsẹ̀ ń ro òun.

Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí wá sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Museum fẹ́ ẹ. Wọ́n wá fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Ògògà. Ní tèmi, pàṣípààrọ̀ láàárín ọba tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí àti ìjọba tó ń ṣàkóso rẹ̀ kò lè dọ́gba láé, ọ̀rọ̀ náà sì tó sọ lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ tó gbẹ́ igi náà ló gba gbogbo ọkàn mi.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé nípa Olówè. Ìránṣẹ́ ni ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Ó ń jíṣẹ́ ọba, ó sì ń gbẹ́gi. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ránṣẹ́ pè é. Á kó irinṣẹ́, á kó àwọn ọmọ iṣẹ́, á lọ máa gbé ní ìlú onílùú títí iṣẹ́ á fi parí. Kò jókòó sílé de ìmísí. Ẹni kan ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn, ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn tí kò sí irú rẹ̀ rí. Ó kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún àwọn olùwádìí: ó ní ọkọ òun ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni ń gbẹ́ igbá.

Ọ̀rọ̀ ìrókò yẹn kò kúrò létí mi. Mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igi tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, mo pààrọ̀ àwọn òru iṣẹ́ mi kí n lè máa lọ. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ fún mi pé ìrókò pọ̀ nílùú yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwé girama nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìrókò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe orí tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì, nítorí omi kì í tètè bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ń tún ilé ìwé ṣe, wọ́n á tú wọn, àwọn tó ń ta igi àlòkù á sì rà wọ́n. Bí mo ṣe ra pákó ìrókò àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣingọ́ọ̀mù gbígbẹ kún abẹ́ rẹ̀. Lókè, àwọn ọmọ tó ti di bàbá àti ìyá báyìí ti fi ṣóńṣó irin fín orúkọ ara wọn sí i, iná sì ti jó o níbì kan. Nígbà tí mo ha orí rẹ̀ kúrò, àwọ̀ ìyeyè ló yọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Igi tí ń fi agídí báni lò ni. Eruku rẹ̀ ń mú èèyàn sín, ó ń yún ara, kò sí ẹni tó yẹ kó gé e láìbo imú. Irun inú rẹ̀, ìyẹn ìlà ara igi náà, kì í tọ ọ̀nà kan, bí o bá gbẹ́ ẹ síhìn-ín tó dán, o gbẹ́ ẹ sọ́hùn-ún, á ya. Òkúta kéékèèké tún máa ń sá pamọ́ sínú àwọn kan, tí irin bá kàn án, ẹnu irin á ṣẹ́. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo tó mọ ohun tí ìyàwó Olówè ń sọ.

Ohun tí màá fi igi náà ṣe kò yé mi rárá títí màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń gbé ní Camberwell, fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ń kàn nǹkan. Orúnkún ò jẹ́ kí n lè jókòó lórí àpótí mọ́. Àga oúnjẹ wọn yìí náà ga ju ìkòkò lọ. Báwo ni kí n ṣe máa ro àmàlà?" Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, lórí sítóòfù tí wọ́n gbé sílẹ̀. Mo gbé àpótí àtijọ́ wọn síbẹ̀, mo ní kí wọ́n jókòó, mo wá ń ki ìwé ìròyìn sí abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ọwọ́ bí ẹni ń di orógùn mú, wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Fi kún un." Títí wọ́n fi ní, "Ibí yìí gan-an. Má fọwọ́ kàn án mọ́." Mo wọn gíga rẹ̀, mo kàn án sí bẹ́ẹ̀, mo dá ihò sí àárín orí rẹ̀ kí ọwọ́ lè gbé e, mo sì gbẹ́ ọnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, irú ọnà tí mo rí lẹ́yìn àwọn ère ara ilẹ̀kùn Ògògà. Bí wọ́n ṣe jókòó sórí ẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún mi débi tí mo fi kúnlẹ̀ ṣe àmín. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn rí i. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yinka Ilori náà, nítorí ọmọ tí wọ́n bí síbí ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1987, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àga tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ń tún wọn tò, ó ń kùn wọ́n, ó ń fi òwe tí àwọn òbí rẹ̀ ń pa nílé ṣe ìtàn lára wọn. Ní 2019, òun àti àwọn ayàwòrán ilé Pricegore kọ́ àgọ́ aláràbarà kan sí ọgbà Dulwich Picture Gallery, kò jìnnà sọ́dọ̀ wa, àwọ̀ aṣọ inú ọjà Èkó ló sì mú wá síbẹ̀. Ní 2021 wọ́n fi MBE, oyè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lọ́lá. Òwe inú ilé ni ohun èlò ọmọ yẹn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀ nítorí kó lè ṣe dáadáa, mo bẹ̀ yín, ẹ máa pa òwe fún wọn. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n máa fi kọ́.

Ní ti owó, àpótí kò tíì gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ mi, n kò sì fi dandan lé e. Owó rẹ̀ ń ra igi, ó ń san yàrá iṣẹ́ tí èmi àti àwọn mìíràn jọ yá, ó sì ń ṣẹ́kù díẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn arúgbó mi. Ohun tó yí padà ni bí mo ṣe ń jí. Mo ní iṣẹ́ kan tí ẹnì kan ń retí, mo mọ ojú onítọ̀hún, mo mọ ibi tó máa gbé e sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan níṣẹ́ yìí nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn òbí kan ń fẹ́ kí n ní kí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ, adé àti ìlù nìkan, kó lè jẹ́ ti ilé. Mo ní rárá. Ohun tí Olówè rí lójú ayé tirẹ̀ ló gbẹ́, títí kan òyìnbó lórí àga. Àrèògún ti Òsì, agbẹ́gi mìíràn, náà gbẹ́ ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́ ológeere sára ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ya ọkọ̀ bọ́ọ̀sì 36 sórí pákó rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, orí rẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ lọ. Mo ní kó fi orí yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrókò ló fẹ́ gbẹ́ ẹ sí, mo ní kó kọ́kọ́ fi igi rírọ̀ ṣe é ná.