Ta ló ń lé ìyá yẹn?

Iṣẹ́ gba gbogbo ọ̀sán mi lónìí. Mo délé, mo jẹun, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí mo ti ń ṣe bíìtì: mo gé ohùn ìyá kan láti inú orin àtijọ́ kan, mo ń tò ó sórí ìlù tèmi.

Àbúrò mi ló kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ wọlé. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé ìyá tó ń kọrin yìí?" ó sì bá tiẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti gbọ́ nǹkan mìíràn.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Bíìtì tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ tèmi lánàá! Gbogbo ègé ohùn tí mo gé ló bọ́ sójú ìlù, kò sí èyí tó yá jù, kò sí èyí tó pẹ́. Kí ló tiẹ̀ mọ̀ nínú bíìtì?

Ṣùgbọ́n ta ló ń lé e ná?

84 ni orin àtijọ́ yẹn ń lọ: bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ìgbà 84 lẹsẹ̀ yín máa kan ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù tèmi ń lọ ní 96. Ìlù mẹ́rin ní 84 ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.86, ní 96, 2.5 péré ni. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sún un jọ láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bèèrè ibi tó ti rí ohun tó yọ kúrò.

Èémí rẹ̀ ni. Kí ìyá náà tó gbé ìlà kejì, ó máa ń mí sínú. Lójú ẹ̀rọ, nǹkan tín-ín-rín bí irun ni, ó wà níwájú ọ̀rọ̀ tó ga bí òkè. Ẹsẹ̀ òkè yẹn gan-an ni mo ti gé e, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù láti fi bá ìlù mu. Èyí tó kù nínú èémí rẹ̀ láwọn ibòmíràn, kọ̀ǹpútà ti fún un pa. Ẹni tí wọ́n ń lé ló ń sọ̀rọ̀ láìmí bẹ́ẹ̀.

Bóyá àbúrò mi ò tilẹ̀ rò ó tó báyìí o. Ó lè kàn sọ ọ́ lásán ni.

Mo rántí àwọn tó fi SP-1200 ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń gba ègé ohùn sínú láti fi ṣe bíìtì. 1987 ni ẹ̀rọ yẹn jáde, ohùn tó sì lè gbà sínú ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Àwo tó yẹ kó yí ní nǹkan bí ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á yí i ní 45 kó lè tètè wọlé, wọ́n á wá dẹ̀ ẹ́ padà nínú ẹ̀rọ. Àwọn náà lé olórin, ṣùgbọ́n àyè ló há mọ́ wọn. Àyè tèmi ò lópin. Kí ló wá ń lé mi tí mo fi ń lé ìyá oníyàá?

Ẹni tí mo ń ṣe bíìtì yìí fún ló ní kó jẹ́ 96.

Mo jẹ́ kí ohùn àti ìsáré jọ gòkè, bí àwo tí wọ́n fọwọ́ tì. Ní 96, ìyá di ọmọge, mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní 89, semitone kan (ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) ló fi gòkè, ó ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Mo tún ègé kejì gé láti ibi èémí, mo fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí èémí ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ìlù. Háà. Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá.

Onílù inú orin yẹn gan-an ò dúró lórí 84. Nígbà tí orin máa fi dé ìdajì, ó ti ń sún mọ́ 86, bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn bọ̀. Mo ti kọ ọ́ síbí rí pé dandan ni kí gbogbo ègé wà lójú ìlù gẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ègé kẹrin ṣì ń kánjú díẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án...

Ohùn bàsì ò bá a mu mọ́, ó fi semitone kan wà nísàlẹ̀. Ó di ọ̀la. Àbúrò mi ti sùn. Mi ò sì tíì sọ fún ẹni tó fẹ́ 96.