Indir Thakrun àti àwọn obìnrin tó ṣáájú rẹ̀

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Láti àárọ̀ ni ìyá arúgbó kan ti gba ọkàn mi. Inú fíìmù tí mo wò lánàá ni mo ti rí i, Pather Panchali, tí Satyajit Ray gbé jáde ní Bengal, nílẹ̀ Íńdíà, ní 1955. Mo ti wò ó rí. Nígbà yẹn, Apu, ọmọkùnrin kékeré inú ìtàn náà, ni mo ń tẹ̀ lé kiri. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò lè gbé ojú kúrò lára Indir Thakrun.

Opó ni Indir. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, aṣọ funfun tí àwọn opó Híńdù máa ń wọ̀ ló ró, ó sì ti gbó. Ilé Harihar, ìbátan rẹ̀, ló ń gbé, ṣùgbọ́n Sarbajaya, ìyàwó Harihar, kò fẹ́ rí i sójú. Ẹ má tètè dá Sarbajaya lẹ́bi o. Owó tí ọkọ rẹ̀ ń mú wálé kò tó nǹkan, ọmọ méjì wà nílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ò sì kún rí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí nìyẹn. Gbogbo wọn ni mo gbọ́ ẹjọ́ wọn yé, títí kan ẹni tó lé arúgbó jáde.

Nígbà tí ìyá náà padà wálé kẹ́yìn, ara rẹ̀ ò yá. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo ọjọ́ tó kù fún òun nínú ilé. Sarbajaya kọ̀. Ó tọrọ omi, Sarbajaya ní kó lọ bù ú fúnra rẹ̀. Ó bù ú, ó mu, ó wá rí ewéko kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì da omi tó ṣẹ́kù sí i nídìí. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Ẹni tí wọn ò fún ní àyè láti kú sí nínú ilé, òun ló rántí pé òùngbẹ lè máa gbẹ ewéko. Inú igbó ọparun ni àwọn ọmọ ti rí i. Durga, ẹ̀gbọ́n Apu, rò pé ó ń sùn ni, ó mì ín, ìyá náà sì ṣubú lulẹ̀.

Chunibala Devi ló ṣe Indir. Ó ti tó nǹkan bí ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó ti ṣeré lórí ìtàgé rí, ó sì ti ṣe sinimá nígbà tí sinimá ò tíì ní ohùn, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ray fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì lè há ọ̀rọ̀ sórí, ó ní kó ka ewì ọmọdé kan. Ìyá náà kà á kọjá ibi tí Ray fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ìran ìsìnkú, wọ́n gbé e sórí pákó ọparun, wọ́n ru ú lọ. Wọ́n ya ìran náà tán, wọ́n gbé e sílẹ̀, kò lajú. Àyà gbogbo wọn já. Ẹ̀yìn náà ló tó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti parí ni, kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún òun.

Ní 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà. Owó tán lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ dúró fún oṣù gbọọrọ. Ray ta àwo orin rẹ̀, wọ́n fi wúrà ìyàwó rẹ̀ dógò, kó tó di pé ìjọba West Bengal dá sí i. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Ray sọ pé iṣẹ́ ìyanu mẹ́ta ló gba òun là: ohùn Apu kò yí padà, Durga kò dàgbà jù, Indir Thakrun kò sì kú. Chunibala dúró títí iṣẹ́ fi parí, ṣùgbọ́n ó ti kú kí fíìmù tó dé gbọ̀ngàn sinimá.

Ohun tó mú mi ṣe ìwádìí lórí àwọn òṣèrébìnrin àtijọ́ lónìí nìyẹn. Nígbà tí Phalke, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fíìmù nílẹ̀ Íńdíà, fẹ́ ya Raja Harishchandra, tí wọ́n gbé jáde ní Bombay ní 1913, kò rí obìnrin kan tó gbà láti ṣe ìyàwó ọba. Ó tilẹ̀ dé àdúgbò àwọn aṣẹ́wó, àwọn náà kọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ, Salunke, ni wọ́n wọ aṣọ obìnrin fún. Nínú fíìmù Phalke tó tẹ̀ lé e ni Durgabai Kamat àti ọmọ rẹ̀, Kamlabai, ti jáde síwájú kámẹ́rà. Àwọn ará Calcutta, ìlú ńlá Bengal, ti ń gba obìnrin sórí ìtàgé ní tiwọn láti àwọn ọdún 1870, àmọ́ inú àwọn tí ìlú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni wọ́n ti ń mú wọn. Ọ̀kan lára wọn, Binodini Dasi, gbà láti wà lọ́dọ̀ olówó kan kí ó lè kọ́ ilé ìtàgé fún ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn máa fi pè é. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà tán ní 1883, Star ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní orúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọlúàbí wá wòran. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Baba Ogunde náà rí i nílẹ̀ wa níbí bí àwọn òbí ṣe kọ̀ kí ọmọbìnrin àwọn bá eré lọ, torí orúkọ burúkú tí wọ́n ń fún wọn.

Ní Calcutta kan náà, Hiralal Sen ti ń gbé kámẹ́rà síwájú àwọn òṣèré ilé ìtàgé Classic Theatre kí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún tó gbéra dáadáa. Ní 1917, iná jó gbogbo fíìmù rẹ̀. Torí náà, a ò lè rí bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Inú ayé wọn ni Chunibala ti wá, a sì rí tirẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó bá máa wo fíìmù yìí mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má kàn pè é ní "ìyá arúgbó yẹn" gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.