Ẹ̀gà Ẹ̀yìn Fèrèsé: Ibi Tí Ìwé Ẹyẹ Mi Dé Dúró

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹyẹ nìkan ló kún inú ìwé yìí. Lékelèkéé ń kọjá lọ, àwòdì ń rábàbà lókè, àdàbà ń ké lórí òrùlé ọ́fíìsì wa ní Bódìjà. Inú mi ń dùn sí i, àmọ́ ọkàn mi kì í sinmi. Ojú mi á kàn máa sáré látorí ẹyẹ kan bọ́ sórí òmíràn, bó ṣe ń sáré lórí ìṣirò owó tí mo fi sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Oṣù Kẹrin

Àwọn ẹ̀gà ti padà sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn fèrèsé. Mo yan akọ kan ṣoṣo, èyí tó gba ṣóńṣó imọ̀ tó sún mọ́ mi jù: orí dúdú, ojú pupa, ara aláwọ̀ ìyeyè. Òun nìkan ni mò ń wò. Tí mo bá ti parí fáìlì kan, màá gbójú sókè, màá wo ohun tó ń ṣe títí yóò fi ṣe é tán, màá fi pẹ́ńsù yà á, màá padà sídìí iṣẹ́.

Ẹnu ló fi ń gé etí imọ̀ ọ̀pẹ. Á dì í mú ṣinṣin, á fò, imọ̀ á sì ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Òrùka ló kọ́kọ́ hun. Inú òrùka yẹn ló dúró sí tó fi hun gbogbo ìyókù: yàrá ẹyin, òrùlé, títí kan ẹnu ọ̀nà tó kọjú sílẹ̀.

Ẹ̀gà kì í panu mọ́, kò síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ní aláròyé. Síbẹ̀ bí mo bá ti ń tẹ̀lé bí fọ́nrán kan ṣe ń gba abẹ́ òmíràn, n kì í gbọ́ ariwo wọn mọ́, n kì í sì í gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀. Tí mo bá padà sórí ìṣirò, mo máa ń mọ ìlà tí mo wà gan-an.

Oṣù Karùn-ún

Abo kan wá yẹ ilé wò. Akọ so rọ̀ lábẹ́ ìtẹ́, ó ń gbọn ìyẹ́ pátápátá. Abo wọlé, ó jáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìtẹ́ tútù ni wọ́n ń fẹ́. Nígbà tí èyí gbẹ tó sì pọ́n, akọ fúnra rẹ̀ tú u palẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ òrùka tuntun lójú ibẹ̀ gan-an. Ojú ìwé tí mo ya èyí sí ni mo fẹ́ràn jù.

Bàbá tó ń ṣọ́ gèètì rí mi níbi tí mo ti ń wò ó. “Màdáámú, ẹ̀gà tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, kànnàkànnà la fi ń lé e lóko ìrẹsì.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ̀gà ń ba nǹkan oko jẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń wọlé láàárọ̀ ni wọ́n á bi mí pé, “Ṣé ọkọ ìyàwó ti ríyàwó?”

Ó ti rí i. Abo kan ti ń kó koríko rírọ̀ wọnú ìtẹ́ kejì.

Oṣù Kẹfà

Mo rí ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń dán, tó ń rìn yí ọ̀pẹ náà ká. Inú ìtẹ́ ẹ̀gà ni irú rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ẹ̀gà náà gbọ́n: àwọ̀ ẹyin abo kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà abo mọ tirẹ̀, ó sì máa ń da ti àlejò nù.

Mo ṣì fẹ́ dé igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn níbí, níbi tí mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ Malimbus ibadanensis, tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà lágbàáyé, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Ìyẹn á gba ọjọ́ ìsinmi. Ní báyìí, akọ mi ti bẹ̀rẹ̀ òrùka míì lórí imọ̀ kejì, mo sì ti ra pẹ́ńsù aláwọ̀ méjì sí i: ọ̀kan fún imọ̀ tútù, ọ̀kan fún èyí tó ti ń pọ́n.