Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń dúró

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ, bí ẹ bá gbọ́ tí ìjọba tàbí àwọn ọ̀gá ń pariwo pé kí òṣìṣẹ́ túbọ̀ máa mú ọjà jáde, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹnikẹ́ni kiri. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ike ni mo ti ń rí i: àwọn èèyàn wa ń làágùn tó. Ìdúró ló ń jẹ iṣẹ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ móòdù, ìyẹn irin tó ń sọ ike gbígbóná di bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí abọ́, ká ní wọ́n fẹ́ kúrò lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí abọ́. Wọ́n á pa ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn lẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ lọ gbé móòdù abọ́ wá. Ẹlòmíì á máa wá sípánà, sípánà á sì wà nínú àpótí ẹni tó ti parí ṣíìfùtì lóru. Wọ́n á gbé móòdù wọlé tán, wọ́n á rí i pé rọ́bà omi tó ń mú un tutù kò wọ ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà á jókòó sórí páálí, jẹnẹrétọ̀ á sì máa mu dísù. Kò sí ọ̀lẹ kankan láàárín wọn.

Toyota, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, ní irú ìṣòro yìí ní Japan. Ní 1969, wákàtí 4 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ móòdù ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ irin. Shigeo Shingo, ẹnjiníà ará Japan, bá wọn dá sí i, ó di ìṣẹ́jú 90, nígbà tó yá ó di ìṣẹ́jú 3. Ohun tó ṣe ni pé ó ya iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń yí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣeé ṣe àfi kí ẹ̀rọ dúró. Kí móòdù tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí sípánà wà níbẹ̀, kí ẹnu rọ́bà gbogbo móòdù rí bákan náà. Ẹni tó ń so rọ́bà yẹn lójoojúmọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ bi í.

Ibí yìí náà ni iṣẹ́ ti ń wá. Bí pípààrọ̀ móòdù bá ń gba ìdajì ọjọ́, ọ̀gá ò ní gba iṣẹ́ oníbàárà tó fẹ́ ìdérí díẹ̀. Oníbàárà ọ̀hún á lọ kó o wọlé láti Ṣáínà. Bó bá yá kánkán, ọjà kéékèèké á wọlé, ẹ̀rọ tó wà lójúkan á dìde, wọ́n á sì gba èèyàn sí i.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó gbọ́n á bi yín pé, "Tá a bá yára tán, ta ni wọ́n máa lé lọ?" Ó tọ́ kó béèrè. Nígbà tí wọ́n dá Japan Productivity Center, àjọ tó ń wá bí òṣìṣẹ́ á ṣe túbọ̀ máa mú ọjà jáde, sílẹ̀ ní 1955, ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi lélẹ̀: èkíní, kí ìlọsíwájú náà mú iṣẹ́ pọ̀ sí i, kí ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ sì wá ibòmíì fún ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ jókòó sọ ọ́, ẹ̀kẹta, kí wọ́n pín èrè láìṣègbè láàárín olówó, òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń ra ọjà. Síbẹ̀ Sohyo, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá ìgbà náà, kọ̀ ọ́, torí wọn ò fọkàn tán àwọn ọ̀gá.

Láti 1987 làwa náà ti ní òfin tó gbé irú àjọ bẹ́ẹ̀, National Productivity Centre, kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ìjọba sì máa ń fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tó ṣiṣẹ́ takuntakun lọ́lá. Ó dára. Àdéhùn nípa ẹni tó máa jẹ èrè gan-an ni mo fẹ́ ká máa gbọ́ sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìyípadà kankan dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ gba ìdáhùn lọ́wọ́ máníjà: àwọn tí iṣẹ́ wọn bá dín kù, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń lọ? Nínú owó dísù tá a bá rí fi pa mọ́, èló ló máa wọ owó oṣù wọn? Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú wọn kí ṣíìfùtì tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.